Ìwé Bàámi Àti Àwọn Ọjọ́bọ̀ Pọ́takọ́tù

Ẹ bá mi dín ohùn tẹlifíṣọ̀n yẹn kù, ẹ̀yin ọmọ. Láti àárọ̀ ni Tóbẹ̀ ti ń gbé fóònù sí mi lójú pé yunifásítì kan ń dáni lẹ́kọ̀ọ́ lórí lítíréṣọ̀, pé èèyàn lè jókòó sí pálọ̀ ní Eneka, ní Pọ́takọ́tù níbí, kó máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lókè òkun. Mo wò ó títí. Ọkùnrin kan ló dá ń sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó wúkọ́, kò sí ẹni tó wọ́ àga, kò sí ẹni tó dìde pé òun ò gbà. Mo dá fóònù padà fún un, ó sì bi mí pé, "Grandma, you no like am?" Kì í ṣe pé n kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó rán mi létí ohun tí mo sọ nù ni. Ẹ jókòó, màá sọ ọ́ fún yín lónìí, torí ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọkọ mi pàápàá kò gbọ́ ọ títí ó fi kú.

Pọ́takọ́tù tí ẹ mọ̀ yìí kọ́ ni mo ń sọ. Nígbà tí mo jẹ́ ọmọge, kí òyìnbó tó gbé ìjọba sílẹ̀, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti àdúgbò Borokiri dé ọ́fíìsì rélùwéè láìsí pé mọ́tò kankan fun fèrè mọ́ ọn lẹ́yìn. Ohun tó ń jí wa láàárọ̀ ni ọkọ̀ ojú omi tó bá ń wọ wáàfù. Á ké búùù, gíláàsì fèrèsé á máa gbọ̀n. Ojoojúmọ́ ló ń ké, àmọ́ ti Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́ràn jù, torí pé Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ yunifásítì.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé kò sí yunifásítì kankan ní Pọ́takọ́tù nígbà yẹn. Ọ̀nà jíjìn ni yunifásítì wà, àmọ́ wọ́n rán olùkọ́ kan wá máa gbé àárín wa, kó máa kọ́ àwọn àgbàlagbà tí kò lè lọ bá yunifásítì níbi tó wà. Ọmọ Sàpẹ́lẹ̀ ni, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń làágùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí iná. Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Bí àwọn òṣìṣẹ́ wáàfù bá ti ṣíwọ́ lọ́jọ́ náà, á ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn onípáànù kan tí wọ́n yá a nítòsí ọjà, a ó sì máa wọlé. Àwọn tó ń ru àpò á gbé eruku ẹ̀pà àti èkùrọ́ wá lórí èjìká wọn. Àwọn nọ́ọ̀sì á wọ aṣọ iṣẹ́ wá. Àwọn akọ̀wé rélùwéè á wá, àwọn aránṣọ á wá, pẹ̀lú obìnrin ẹlẹ́ja gbígbẹ kan tó máa ń gbé agbọ̀n rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kí òórùn má baà dà wá láàmú. Ó ń dà wá láàmú náà ni.

Tíṣà ní òfin kan tí n kò rí níbòmíràn rí. Bí òun tàbí àlejò tí yunifásítì rán wá bá ti ka ìtàn tàbí ewì tán, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ béèrè ohunkóhun títí àwọn kan á fi dìde tún un sọ ní èdè ìyá wọn. Ẹnì kan á sọ ọ́ ní Ígbò, òmíràn á sọ ọ́ ní Kalabari, òmíràn ní Ikwerre, èmi ni mo sì sábà máa ń sọ ọ́ ní Yorùbá. Àwọn tí kò gbọ́ èdè náà á jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n á máa wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ojú bá ń tì á sọ ọ́ ní Píjìn. Mo rántí ọjọ́ tí àlejò kan ka ewì gígùn tí akéwì ti ń sunkún òdòdó tó rọ nínú ọgbà rẹ̀. Ó kà á tọkàntọkàn, ojú rẹ̀ pọ́n. Ìyá ẹlẹ́ja wá dìde láti tún un sọ. Ó ní, "Make una no vex. Flower don die. Make e plant another one. Na so so cry e go dey cry?" Ẹ̀rín gba gbogbo gbọ̀ngàn. Àlejò náà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

Bí òjò bá dé, páànù kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Tíṣà á fi ìka sórí ibi tó kà dé, gbogbo wa á dákẹ́, a ó máa wo ara wa títí òjò á fi dá. Nígbà mìíràn á pẹ́ gan-an. Kò sẹ́ni tó ń dìde. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ń wù mí jù báyìí tí mo ti dàgbà. Lónìí, bí fóònù bá dákẹ́ díẹ̀, Tóbẹ̀ á ní, "Network don go," á sì ti bá tirẹ̀ lọ.

Ibi ìwé kékeré tí à ń gbé jáde ni mo ti wúlò jù. Táípíìsì ni mí ní ọ́fíìsì àwọn kan tó ń kó ẹrù wọ ọkọ̀ ojú omi. Tíṣà bẹ ọ̀gá mi, ọ̀gá mi sì gbà kí n máa fi ẹ̀rọ rẹ̀ tẹ ìwé náà bí iṣẹ́ bá parí. Ohun tí àwọn ará ìlú fúnra wọn kọ ló wà nínú rẹ̀, ìtàn, ewì, àlọ́, àti ohun tí olúkúlùkù mọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe bébà lásán ni mo ń tẹ̀ ẹ́ sí o. Sítẹ́ńsù ni.

"Grandma, wetin be stencil?"

Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè. Bébà tí wọ́n fi ìda kùn ni. Ẹ̀rọ á gé lẹ́tà sára ìda náà, a ó wá gbé e lé ẹ̀rọ oníyíǹkì mìíràn, a ó máa fọwọ́ yí i, ojú ewé á máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a bá yí i tán, sítẹ́ńsù ti bàjẹ́ nìyẹn, a ó jù ú nù. Lẹ́yìn náà la ó to ojú ewé yí tábìlì gígùn ká, gbogbo wa á tò tẹ̀ léra, a ó máa yí tábìlì po, a ó máa mú ojú ewé kọ̀ọ̀kan bí a ti ń lọ. Ẹni tó bá yípo tán ti ní odindi ìwé kan lọ́wọ́. À ń kọrin sí i. Nígbà kan, ọkùnrin tó to tábìlì ń wo nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ló bá gbé ojú ewé méjì sípò ara wọn. Ìtàn ìfẹ́ kan dé ibi tí ọkùnrin ti fẹ́ di ọmọbìnrin lọ́wọ́ mú, ẹ ṣí ojú ewé kejì, ó kan bí a ṣe ń fi iyọ̀ pa ẹja mọ́. Àwọn èèyàn ń wá ìwé yẹn kiri. Wọ́n ní ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bàámi náà ń kọ̀wé síbẹ̀. Ará Ìwó ni, iṣẹ́ rélùwéè ló gbé e wá sí Pọ́takọ́tù nígbà tí ìlú ṣì kéré. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ni. Ìyá mi kú kí n tó lè mọ ojú rẹ̀. Àbúrò Bàámi obìnrin ló wá láti Ìwó wá tọ́ mi, òun náà kò sì rí ìyá mi rí, torí níbí ni Bàámi ti pàdé rẹ̀ tó sì fẹ́ ẹ, kò gbé e délé kó tó kú. Kò sí fọ́tò rẹ̀ kankan. Bí mo bá béèrè pé irú èèyàn wo ni, Bàámi á wò mí títí, á ní, "Ọmọ mi, bu omi wá fún mi." N óò bu omi wá, á mu ún, á jáde. Nígbà tó yá n kò béèrè mọ́.

Àmọ́ gbọ̀ngàn Ọjọ́bọ̀ yẹn ṣí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ra ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn ayé rẹ̀ sínú rẹ̀ ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀, ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Ọdún bíi mélòó kan ló fi kọ ọ́. Nígbà tó parí, ó gbé e fún mi kí n máa tẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ìwé kékeré wa, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ bí a bá tún gbé òmíràn jáde. Mo tẹ ibi tó ti kúrò ní Ìwó, mo tẹ ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Pọ́takọ́tù. Ó ku èyí tó pọ̀ jù lẹ́yìn. Odindi ìwé náà wà lórí tábìlì mi fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́ kan fún yín nípa iṣẹ́ táípíìsì. A kì í kà á. Ojú á mú ọ̀rọ̀, ìka á tẹ̀ ẹ́, orí kò ní sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi, ó ní táípíìsì tó bá ń ka ohun tó ń tẹ̀ á máa ṣàṣìṣe. Bí mo bá ń tẹ ìwé Bàámi, aṣọ tí mo fẹ́ rán ni mò ń rò, tàbí ẹni tó wò mí lọ́jà. Mo ní bí gbogbo rẹ̀ bá ti jáde tán, màá jókòó kà á látìbẹ̀rẹ̀ dópin bí ọmọlúàbí. Mo rò pé àkókò wà.

Lọ́dún tí àwọn sójà kọ́kọ́ gbàjọba, Tíṣà ní ká ṣe ìpàtẹ kan. Ó ní gbogbo ìgbà ni wọ́n ń pàtẹ ìwé tí wọ́n tẹ̀ nílùú òyìnbó, pé lọ́tẹ̀ yìí, ìwé tí ará ìlú fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni a ó gbé sórí tábìlì, kí yunifásítì wá wò ó. Áà, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ ò rí ohun tí àwọn èèyàn gbé wá. Ọkùnrin alápò kan gbé ewì wá tó kọ sẹ́yìn bébà sìmẹ́ńtì. Agbẹ̀bí kan kó orin tí wọ́n ń kọ fún aláboyún wá. Ìwé Bàámi ni Tíṣà gbé sí àárín tábìlì, ó tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi ṣe é. Bí Bàámi bá ti ṣíwọ́, á wọ kóòtù, á dúró ti ìwé náà, á fọwọ́ sẹ́yìn. Bí ẹnì kan bá ṣí i, á wojú fèrèsé. N kò rí ayọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ rí ṣáájú ìgbà náà, n kò sì rí i lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ kìíní ló ti sọ fún mi pé, "Ẹyọ kan náà ni mo ní. Kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí tábìlì yìí. Ìwọ ni mo fi ṣọ́ ọ."

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ palẹ̀ mọ́, Bọ̀dé wá bá mi. Bọ̀dé yìí, òun ló ń wa ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi. Borokiri ni wọ́n bí i sí. Ará Ìjẹ̀bú ni ìyá rẹ̀, Kalabari ni bàbá rẹ̀, ìyá sì ti kú. Kò dìde rí ní gbọ̀ngàn láti sọ Yorùbá, torí ó mọ̀ pé tòun ò já gaara. Ó dúró níwájú ìwé Bàámi, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀.

"Sisi, abeg," ó ní. "Jẹ́ n mú u lọ, till Thursday. Mo fẹ́ kà á small small. Mama mi ò kọ́ mi tán kí wọ́n tó lọ."

Mo ní, "Bùọ̀dá Bọ̀dé, Bàámi ò ní gbà."

"Thursday, I swear. Màá gbé e wá fún ẹ pẹ̀lú ọwọ́ mi."

Bàámi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bọ àwọn àlejò lọ́wọ́. Kí n má parọ́ fún yín, Bọ̀dé wù mí. Àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Mo fi ìwé ìròyìn wé e, mo gbé e fún un. Nígbà tí Bàámi béèrè, mo ní mo ti gbé e sínú àpótí mi.

Ọjọ́bọ̀ yẹn kò dé. Ìyẹn ni pé ọjọ́ náà dé, àmọ́ kò sẹ́ni tó wá sí gbọ̀ngàn. Ọkọ̀ ojú irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tó sá àsálà láti òkè Ọya dé, àwọn tí wọ́n ti pa ọkọ wọn, àwọn tí wọ́n ti pa ọmọ wọn. Ìyá ẹlẹ́ja lọ dúró ní ìdíkọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń wo ojú gbogbo ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń wá àbúrò rẹ̀. Kò rí i. Mo rí i lọ́nà, mo kí i, kò dá mi lóhùn, n kò sì bínú sí i. Yunifásítì ránṣẹ́ pe Tíṣà padà. Ó ti gbọ̀ngàn, ó fún aládùúgbò ní kọ́kọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ọdún mẹ́wàá ṣe parí láàárín ọ̀sán kan. Àwọn tí a jọ ń gbélé, Ígbò ni wọ́n, wọ́n fẹ́ràn wa, àwọn gan-an ló wá bá Bàámi pé kó máa kó wa lọ sílé, pé àwọn kò mọ ohun tí ọ̀la máa mú wá.

Mo sáré lọ sí Borokiri. Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn Bọ̀dé. Obìnrin kan tó ń fọṣọ níta wò mí. "Bode? E don carry im papa enter canoe go their village since yesterday." Mo bi í bóyá ó fi ìwé kankan sílẹ̀. "E no leave anything o, my sister." Mo fi ojú sí àlàfo fèrèsé. Bẹ́ẹ̀dì ni mo rí, àti ṣẹ́ẹ̀tì kan tó fi kọ́ sára ògiri.

Bàámi ń di ẹrù nígbà tí mo délé. Ó ní, "Ìwé mi ńkọ́?" Mo ní, "Ó wà nínú àpótí, Bàámi." Lọ́rí la bá lọ, a gba Oyigbo, a gba Aba, a gba Onitsha, a sọdá odò. Ní gbogbo ọ̀nà yẹn, Bàámi jókòó lé àpótí mi. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó lé e. Bí lọ́rí bá kó sí kòtò, á fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà, títí a fi dé.

Ní Ìwó, ó ṣí àpótí. Ó kó aṣọ mi jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ká wọn dáadáa sórí ẹní, títí tí àpótí fi ṣófo. Mo dojúbolẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ń retí kó nà mí. Ó jókòó ti àwọn aṣọ náà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló sọnù. Ìwọ ṣáà ti kà á."

Orí mi ṣì wà nílẹ̀. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi."

"Títí dópin?"

"Títí dópin."

Ó fa apá mi, ó gbé mi dìde. "Ó tó nígbà náà. Torí tìẹ ni mo ṣe kọ ọ́." Mo rò pé ó fẹ́ tù mí nínú ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó tètè dárí jì mí.

Kò kọ̀wé mọ́. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, nígbà tí ogun abẹ́lé fi máa parí, kò lè ka Bíbélì mọ́. Èmi lọ́kọ, iṣẹ́ epo sì gbé ọkọ mi wá sí Pọ́takọ́tù, bí mo ṣe padà nìyẹn. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo lọ sí Borokiri. Wọ́n ní Bọ̀dé kò padà láti ibi ogun. Kò sẹ́ni tó gbọ́ nípa ìwé kankan. Gbọ̀ngàn onípáànù yẹn ti di ibi tí wọ́n ń ta fóònù báyìí, mo máa ń kọjá níwájú rẹ̀, wọ́n á ní, "Mummy, come buy charger." Yunifásítì ti pọ̀, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀, wọ́n ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n ní ẹ̀rọ amúlétutù. Wọ́n ń tẹ ìwé tó dán. Àmọ́ n kò tíì rí èyí tó sọ fún ìyá ẹlẹ́ja pé kó dìde tún un sọ.

Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé ara Bàámi kò yá, mo lọ sí Ìwó. Kò ríran mọ́ rárá, àmọ́ ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí mo ti ń fún un ní ẹ̀kọ mu, ó bi mí pé ibo ni mo fẹ́ràn jù nínú ìwé òun. Mo ní, "Ibi tí ẹ ti dé Pọ́takọ́tù ni."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Èmi rò pé ibi ìyá rẹ ni wàá sọ."

Ṣíbí wà lọ́wọ́ mi. N kò lè gbé e sókè, n kò lè gbé e sílẹ̀.

Ó ní, "Ibẹ̀ ló gùn jù. Ẹnu mi kò gbà á láti sọ ọ́ fún ọ, gbogbo ìgbà tí o bá béèrè ni mo máa ń ní kí o bu omi wá. Mo wá ní, ọmọ yìí ń tẹ̀wé, ẹ jẹ́ n kọ ọ́ kó kà á. Bó ṣe ń rìn. Bó ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ nígbà tí o wà níkùn rẹ̀. Ohun tó ní kí n sọ fún ọ lọ́jọ́ tó kú. Ọdún tí mo kọ ibẹ̀, mo sunkún." Ó kọjú sí mi. "Ṣé mo kọ ọ́ bó ṣe yẹ?"

Ìbéèrè wà lẹ́nu mi, ẹ̀yin ọmọ. Mo lè ní, Bàámi, kí ló ní kí ẹ sọ fún mi? Ọ̀rọ̀ mélòó kan péré ni. Àmọ́ tí mo bá béèrè, á mọ̀ pé n kò kà á, á mọ̀ pé ó gbé gbogbo ọdún yẹn láìtíì jíṣẹ́ tí ìyá mi rán an. Mo wo ojú rẹ̀. Ara rẹ̀ balẹ̀ bí ara ẹni tó ti san ẹ̀jẹ́.

Mo ní, "Ẹ kọ ọ́ dáadáa, Bàámi. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ní kí ẹ sọ fún mi."

Ó di ọwọ́ mi mú, ó sì sùn. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló kú.

Tóbẹ̀, ìwọ lo máa ń bi mí pé irú èèyàn wo ni ìyá Grandma. N kò mọ̀, ọmọ mi. Mo ti darúgbó tó báyìí, n kò mọ ohun tí ìyá mi ní kí wọ́n sọ fún mi.